Bí Mo Ṣe Wọn Oko Kòkó 40 Lẹ́bàá Ìdànrè

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò le lójú ìwé: kí n wọn oko kòkó 40 ní abúlé mẹ́ta lẹ́bàá Ìdànrè, kí n sì bi olóko kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan nípa sustainability, ìyẹn lílo ilẹ̀ lọ́nà tí kò ní ba ti ọ̀la jẹ́. Òfin tí European Union, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ṣe lọ́dún 2023 ló fà á. Wọn ò ní gba kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 wá. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ àwọn tó ń kó kòkó lọ sílẹ̀ òkèèrè ò fẹ́ kó bá wọn lójijì.

Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ìyẹn bí éékà 10, ẹ máa rin ààlà rẹ̀ yí po ni. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi fóònù sàmì sí ojú kan péré nínú rẹ̀ ti tó. Abẹ́ kòkó ṣókùnkùn, fóònù tí mo fi ń wọn oko kì í rí sátẹ́láìtì dáadáa. Mo rin oko àkọ́kọ́ tán, mo wo àwòrán rẹ̀, àfi bí ìlà náà ṣe fo odò bọ́ sínú oko ẹlòmíì! Láti ìgbà náà, tí mo bá dé igun kan, mo á dúró, mo á ka ení dé ọgọ́ta, kí n tó tẹ fóònù láti sàmì sí i.

Ìbéèrè yẹn gan-an ló wá le. Mo kọ́kọ́ túmọ̀ sustainability sí ìtọ́jú àyíká. Bàbá kan wò mí tìfura-tìfura. "Ọmọ mi, a ń gbálẹ̀ o. Àárọ̀ yìí nìyàwó mi gbá gbogbo iwájú ilé." Wọ́n rò pé wolé-wolé ni mí. Mo pa ìyẹn tì, mo wá ń béèrè pé: "Kí lẹ fẹ́ kó ṣì wà lórí ilẹ̀ yìí nígbà tí ọmọ ọmọ yín bá dàgbà?"

Bàbá fi àdá tọ́ka sí igi òro kan tí bàbá tiwọn dá sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko. Abẹ́ rẹ̀ ni kòkó kéékèèké ń sá sí lẹ́ẹ̀rùn. Ìyá tó ń fọ́ kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò lòun fẹ́ (kókò o, kì í ṣe kòkó), torí ohun tí ilé ń jẹ nìyẹn kí kòkó tó so. Alágbàtà ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: kí kòkó ṣáà gbẹ, kó pé ìwọ̀n. Lójú gáàdì igbó ọba, ààlà nìkan lọ̀rọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni tiẹ̀ wọ̀ mí lára jù. Kò sí igi ńlá kankan lóko rẹ̀. Ó ní: "Tí mo bá tọ́ ìrókò dàgbà, ta ló máa gé e tà? Onílẹ̀ ni." Kí ni kí n sọ sí i?

Fọ́ọ̀mù ò béèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù, ni mo kọ ìṣákọ́lẹ̀ sí fún oko 13. Ọ̀gá mi pè láti Èkó lálẹ́ ọjọ́ tí mo fi ránṣẹ́: kí ni mo fẹ́ kí òyìnbó fi ìyẹn ṣe?