Ẹ má fi ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń kọjá dé nìkan yan kírísítálì bórétì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá kírísítálì tí yóò sọ lésà di ultraviolet (ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju èyí tí ojú ń rí lọ) máa ń kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá dé. Wọ́n á gbọ́ pé LBO, ọ̀kan lára àwọn kírísítálì bórétì, dé nǹkan bíi 160 nánómítà (nánómítà la fi ń wọn ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), pé BBO, bórétì mìíràn, kò kọjá 189, wọ́n á sì gbé LBO. Àṣìṣe ńlá ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi lésà 532 nánómítà bí 266, ìyẹn ìdajì ìgùn ìgbì rẹ̀, LBO kò lè ṣe é. Nínú irú iṣẹ́ yìí, nǹkan bíi 277 ló ti ń dúró, nígbà tí BBO ń bá a lọ dé 205.

Ohun tó fà á ni pé ìmọ́lẹ̀ tó wọlé àti èyí tó ń bí gbọ́dọ̀ jọ máa sáré dọ́gba nínú kírísítálì. Bí ọ̀kan bá ṣíwájú, ohun tí iwájú kírísítálì bí, ẹ̀yìn rẹ̀ á pa á rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú sì máa ń falẹ̀ ju èyí tó gùn lọ. Birefringence, ìyẹn bí ìyára ìmọ́lẹ̀ nínú kírísítálì ṣe ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìhà tó ń gbọ̀n sí, ló ń bá wa dí àlàfo yẹn: ti BBO tó 0.12, ti LBO kò ju 0.04 lọ. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Kí ẹ má sì tìtorí èyí sọ LBO nù o. Bí a bá pa 1064 pọ̀ mọ́ 532 nínú rẹ̀, ó ń bí 355 dáadáa.

Àwọn tó ń ṣe kírísítálì tuntun náà ní tiwọn. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á tan lésà 1064 sí i, wọ́n á rí àwọ̀ ewé (532) tó mọ́lẹ̀ ju ti KDP, kírísítálì tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n, lọ, wọ́n á ní ó ti yege fún ultraviolet. Àwọ̀ ewé nìkan ni ìdánwò yẹn jẹ́rìí sí. Ẹ jẹ́ kí ègé gidi kan dàgbà, kí ẹ wọn refractive index rẹ̀ (bó ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ falẹ̀ tó) ní oríṣiríṣi ìgùn ìgbì, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ 266.

CLBO, bórétì mìíràn, dára fún 266, àmọ́ ó ń fa ọ̀rinrin: ojú rẹ̀ tó ń dán á ṣú, lẹ́yìn náà á sán. Nǹkan bíi 150°C ni ọ̀pọ̀ ń gbé e sí, kódà bí lésà bá wà ní pípa.

KBBF, bórétì kan náà, ń bí 177.3, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó sì ní beryllium tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má lọ̀ ọ́ ní gbangba. Ní ìgùn ìgbì yìí, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ẹ fi naitirójìn lé ọ́síjìn náà jáde kí ẹ tó sọ pé kírísítálì kò lágbára.