Oorun Ọmọ Ọdún 10 sí 14 Nílùú Ńlá: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí

Ọmọ tí ẹ pè lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó dìde láàárọ̀, tó ń tòògbé nínú ọkọ̀ ilé ìwé, tí ọ̀rọ̀ kékeré sì ń bí nínú, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Oorun rẹ̀ ni kò tó. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10.

Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, melatonin, èròjà tí ara fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, kì í tètè jáde mọ́. Ó lè fi bíi wákàtí 2 pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi ń dá sáká ní aago 10 alẹ́. Ìbáwí kò ràn án. Ìmọ́lẹ̀ ló ń darí melatonin yìí: fóònù àti gílóòbù tó ń tàn yòò lálẹ́ á mú un pẹ́ sí i, oòrùn àárọ̀ á mú kó tètè jáde.

Ká ní aago 6 àárọ̀ ni ọmọ ọdún 12 gbọ́dọ̀ jí. Ẹ ka wákàtí 9 sẹ́yìn, ó di aago 9 alẹ́. Ẹ tún yọ ìṣẹ́jú 20 tí yóò fi yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún kí oorun tó gbé e lọ. Aago 9 ku ìṣẹ́jú 20 ló yẹ kó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ 10:40 ló ń wọlé sùn tẹ́lẹ̀, ẹ má yí i padà lálẹ́ ọjọ́ kan. Yóò kàn lajú sílẹ̀ máa wo àjà ni, bẹ́ẹ̀dì á sì sú u. Ìṣẹ́jú 15 ni kí ẹ máa dín kù ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Yóò gbà tó ọjọ́ 24.

Àkókò jíjí ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Lópin ọ̀sẹ̀, kó má fi ju wákàtí 1 lọ pẹ́ ju ti ọjọ́ ilé ìwé. Ọmọ tó sùn di ọ̀sán ní Sátidé àti Sọ́ńdè kò ní rí oorun sùn lálẹ́ Sọ́ńdè, ibẹ̀ sì ni wàhálà Mọ́ńdè ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án, ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó, kó sì jẹ́ ṣáájú aago 4.

Nígbà tó bá ku wákàtí 1 kó sùn, yàrá òbí ni kí fóònù ti máa gba cháàjì. Bó bá ní òun fi ń jí ni, ẹ ra aago kékeré fún un. Kọfí, tíì àti ohun mímu tí ń lé oorun lọ kò gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yin ọmọ tó kàwé mọ́jú. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kà sí ipò.

Bí ọmọ bá ń hanrun ní alẹ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, ẹ mú un lọ bá dókítà. Yíyí àkókò sísùn padà kò lè wo ìyẹn sàn.