Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ta fóònù fún yín bá yín ṣí àkáǹtì: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí Google, Apple àti Microsoft

Ọjọ́ tí èèyàn ń ṣí àkáǹtì kọ́ ni wàhálà ẹ̀ máa ń jáde o. Lọ́jọ́ yẹn fóònù tuntun ni, inú ń dùn, wọ́n bi yín lórúkọ ẹ tẹ̀ ẹ́, wọ́n bèèrè nọ́ńbà ẹ fi sí i, Next, Next, Next, ó parí. Ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi, tàbí tí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ yín nínú gosiló, tí ẹ ra òmíì tí ẹ sì fẹ́ kó fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn èèyàn yín padà, ọjọ́ yẹn ni àṣírí máa ń tú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn má wo bó ṣe máa yára wọlé lónìí, bó ṣe máa padà wọlé tí fóònù yẹn ò bá sí mọ́ ni kó máa rò.

Tó bá jẹ́ Android lẹ ń lò, Samsung, Tecno, Infinix, itel, àkáǹtì Google lẹ máa ṣí. Tó bá jẹ́ iPhone, ti Apple ni, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Apple ID kí wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ sí Apple Account ní 2024. Láptọ́ọ̀pù Windows ní tirẹ̀, Microsoft. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Jíjẹ́ kí ẹni tó ta fóònù bá yín ṣí àkáǹtì

Èyí ló burú jù, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹ sanwó tán, ọmọ tó wà nídìí tábìlì á ní "Mummy, ẹ jẹ́ n bá yín sẹ́tì ẹ̀". Kí ẹ tó ka ṣéńjì tán ó ti ṣe é. Orúkọ tó wù ú ló fi sí i, ọjọ́ ìbí tó kọ́kọ́ rí ló tẹ̀, páásíwọ̀ọ̀dù tó ń fún gbogbo kọ́sítọ́mà ló fún ẹ̀yin náà, nọ́ńbà tí kóòdù tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni àkáǹtì máa lọ sí sì rèé, tirẹ̀ ni, torí sím yín ò tíì sí nínú fóònù. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe yín ní jàǹbá o, ọ̀pọ̀ wọn kàn fẹ́ yára kí wọ́n lè dá ẹlòmíì lóhùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí àkáǹtì ni Google máa gbà pé ó ni ín, ẹni tó sanwó fóònù kọ́.

Ó máa hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá rìsẹ́ẹ̀tì fóònù. Láti ìgbà Android 5.1 ní 2015 ni Google ti fi ààbò kan síbẹ̀, pé tí ẹnì kan bá fi tipátipá nu fóònù mọ́ láìyọ àkáǹtì kúrò, bó bá tàn padà kò ní ṣí àyàfi tí ẹ bá tẹ àkáǹtì tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí kóòdù tí ẹ fi ń lọ́ọ̀kì ẹ̀. Apple ti ní irú ẹ̀ láti 2013, Activation Lock ni wọ́n ń pè é. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Ó wá di pé ẹni tó fi owó ara ẹ̀ ra fóònù ló ń gbé e kiri, tó ń wá ẹni tó máa bá a ṣe bypass, ìyẹn kó bá a fo lọ́ọ̀kì yẹn, tó tún ń sanwó lé e, nígbà tó jẹ́ pé ká ní ó mọ ímeèlì àti páásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ ni, kò ní ná kọ́bọ̀.

Ti iPhone tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan wà nínú àwọn tó ń tà á, Apple Account kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn ni wọ́n ń fi sórí fóònù àwọn èèyàn kí wọ́n lè yára kó áàpù sí i. Ẹ ò ní pẹ́ máa rí nọ́ńbà àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí nínú fóònù yín, fọ́tò yín náà á sì máa jáde lọ́dọ̀ ẹlòmíì, torí iCloud kan náà, ibi tí Apple ń kó nǹkan yín pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ jọ ń lò. Ẹni tó ni àkáǹtì yẹn lè jókòó sílé ẹ̀ kó ṣí Find My, kó rí ibi tí ẹ wà, kó lọ́ọ̀kì fóònù yín tàbí kó nu gbogbo ẹ̀ mọ́. Àwọn oníjìbìtì ti rí èyí, òun ni wọ́n fi ń jẹun báyìí: wọ́n á bẹ̀ yín pé fóònù tàwọn ti bàjẹ́, kí ẹ jọ̀ọ́ jẹ́ káwọn fi àkáǹtì àwọn wọlé lórí iPhone yín fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣàánú, ẹ ṣe é, wọ́n lọ́ọ̀kì ẹ̀, wọ́n ní kí ẹ sanwó.

Tí àwọn tó ń ta fóònù bá ní àwọn fẹ́ bá yín sẹ́tì ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fo ibẹ̀. Skip wà lórí Android, iPhone náà ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé ó di ìgbà míì. Ẹ dán kámẹ́rà, sípíkà àti ibi tí sím ń wọ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ ṣí àkáǹtì nílé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ra fóònù fún ìyá àti bàbá yín, ó kàn yín náà. Torí pé Mama ò mọ̀ ọ́n lò, nọ́ńbà tiyín lẹ máa ń fi sí i. Ó dáa, ẹ wá jápa lọ sí Kánádà, sím Nàìjíríà yín kú, fóònù Mama ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń bèèrè kóòdù, kóòdù ń lọ sórí nọ́ńbà tí kò sí mọ́. Nọ́ńbà Mama fúnra wọn ni kó wà níbẹ̀, ímeèlì tiyín ni kẹ́ ẹ fi ṣe recovery email, èyí tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì padà, kẹ́ ẹ sì kọ ímeèlì àti páásíwọ̀ọ̀dù wọn sínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà àwọn ará ìjọ. Àwọn kan á ní èèyàn ò gbọdọ̀ kọ páásíwọ̀ọ̀dù sílẹ̀ láéláé. Èmi ò gbà. Ìwé tó wà nínú àpótí nílé sàn ju èyí tó wà nínú ọ̀rọ̀ WhatsApp tàbí nínú Notes lórí fóònù kan náà tí wọ́n máa jí gbé.

Gbígbẹ́kẹ̀lé nọ́ńbà fóònù nìkan

Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ni pé tí wọn ò bá fi sím ṣe ohun tó mú owó wọlé fún ilé iṣẹ́ tó ni ín, bóyá kí wọ́n fi pe èèyàn tàbí kí wọ́n ra dátà, fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Tó bá tún fi oṣù mẹ́fà míì kú bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé nọ́ńbà yẹn fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì yẹn ò jalè, ó lọ ra sím ni, ṣùgbọ́n kóòdù Google yín, ti Facebook yín, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò nílé lọ sí London tàbí Houston tí ẹ sì gbàgbé sím yín sínú dúrọ́ọ̀, ẹ yí nọ́ńbà tó wà lórí àkáǹtì yín lónìí, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ fóònù, torí tí ẹ bá ti jáde nínú àkáǹtì yẹn pẹ́nrẹ́n, ó ti di ẹjọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé tí ẹ bá tan 2-Step Verification lórí Google, ìyẹn ààbò tó ń bèèrè nǹkan kejì lẹ́yìn páásíwọ̀ọ̀dù, ó lè fún yín ní backup codes, kóòdù tí ẹ máa tọ́jú de ọjọ́ wàhálà, mẹ́wàá ni, nọ́ńbà mẹ́jọ mẹ́jọ, ìgbà kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde tàbí kí ẹ fọwọ́ kọ ọ́. Tí fóònù àti sím bá jọ lọ lọ́jọ́ kan náà, òun ló máa gbà yín. Ẹ fi PIN sí sím yín náà, torí ẹni tó bá já fóònù gbà, kò ní bá ti lọ́ọ̀kì yín jà, á yọ sím á fi sínú fóònù tirẹ̀, kóòdù á sì máa wọlé fún un.

Nípa kóòdù, kò sí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ láti pè yín pé kí ẹ kà á fún òun. Kì í ṣe Google, kì í ṣe báńkì, kì í ṣe ẹni tó ní òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà yín sí i. Ẹni bá pè, ẹ pa fóònù.

Àkáǹtì tuntun fún gbogbo fóònù tuntun

Ẹ wá wo èyí dáadáa torí ó ń mú àwọn tó mọ̀wé gan-an. Wọ́n ra fóònù ní 2016, wọ́n ṣí Gmail, wọ́n gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù, wọ́n ra òmíì, wọ́n ṣí Gmail míì, ní báyìí àkáǹtì mẹ́rin ló wà nílẹ̀, nọ́ńbà àwọn èèyàn wà nínú ọ̀kan, fọ́tò ìsọmọlórúkọ wà nínú èkejì, áàpù tí wọ́n fi owó rà wà nínú ẹ̀kẹta, ímeèlì tí báńkì mọ̀ sì ni èyí tí wọn ò rántí rárá. Wọ́n á ní "ó ṣáà wà níbẹ̀". Kò dájú o. Google ti sọ ọ́ pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀ fún ọdún méjì, àwọn lè pa á rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, December 2023 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Gmail tí wọ́n bá pa rẹ́ báyẹn, ẹ ò lè fi orúkọ kan náà ṣí i padà.

Kí ẹ tó ṣí òmíì, ẹ wá ti àtijọ́ ná. Níbi tí wọ́n ti ní kí ẹ tẹ ímeèlì, "Forgot email?" wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ àti orúkọ tí ẹ fi ṣí i, wọ́n á sọ ímeèlì náà fún yín. Ẹ rí i pé orúkọ tó ṣeé rántí wúlò. Ẹni tó fi "Swagg Boi Owó" ṣí i nígbà tó wà ní SS2, á rántí bó ṣe sípẹ́ẹ̀lì ẹ̀ báyìí?

Ohun tó ń mú kí àwọn kan sá lọ ṣí òmíì ni pé àyè ti kún. 15GB ni Google ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti Photos ló sì jọ ń jẹ ẹ́, láti June 1, 2021 ni fọ́tò tuntun ti ń wọ inú ìṣirò yẹn. Tó bá kún, ímeèlì ò ní wọlé mọ́, wọ́n á fi lẹ́tà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, á padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ lọ pa àwọn fídíò WhatsApp rẹ́, àwọn "káàárọ̀ o, ọjọ́ ayọ̀ ni" yẹn, àwọn ló ń jẹ àyè yẹn. Ti iCloud kéré sí i, 5GB ni.

Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí n yára kà wọ́n. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí eré sí i: tí Google bá rí i pé ẹ ò tíì pé ọdún 13, wọ́n lè tì yín mọ́ta kí wọ́n máa bèèrè káàdì ìdánimọ̀. Ẹ má fi ímeèlì ibi iṣẹ́ ṣí Apple Account, ọjọ́ tí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́ ni wọ́n máa pa ímeèlì yẹn. Ẹ má fi ọjọ́ ìbí ọmọ ṣe páásíwọ̀ọ̀dù, ẹni tó bá rí fọ́tò bọ́ọ̀dé yẹn lórí Facebook ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ ṣe JAMB, kí ọmọ ní ímeèlì tirẹ̀ kó tó dé kàfé, kó má jẹ́ pé ọ̀gá kàfé ló mọ páásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀, kó sì jáde nínú àkáǹtì kó tó dìde lórí àga.

Láptọ́ọ̀pù: kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ ní

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11, bí ẹ bá ti fi àkáǹtì Microsoft sí i, á ti gbogbo fáìlì inú ẹ̀ pa fúnra ẹ̀, kò tiẹ̀ ní bi yín. BitLocker lorúkọ ẹ̀. Kò ní han rárá, títí ọjọ́ kan tí ẹ máa gbé e lọ fún àtúnṣe, tí wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀, ẹ tàn án, ojú búlúù jáde tó ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ nọ́ńbà 48. Inú àkáǹtì Microsoft yẹn ni kọ́kọ́rọ́ náà sábà máa ń wà. Ẹni tó ṣáà tẹ ímeèlì kan tí kò rántí mọ́, fáìlì ẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó lè bá a ṣí i. Ẹ wọ account.microsoft.com nígbà tí ara kọ̀ǹpútà ṣì le, ẹ lọ síbi tí orúkọ láptọ́ọ̀pù yín wà, ẹ da kọ́kọ́rọ́ náà kọ sínú ìwé.

Títà àti ríra àlòkù

Tí ẹ bá fẹ́ ta fóònù, ẹ má kàn fi í fún wọn bẹ́ẹ̀, ẹ má sì kàn rìsẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Lórí Android, ẹ kọ́kọ́ yọ àkáǹtì Google kúrò nínú Settings. Lórí iPhone, ẹ pa Find My kí ẹ sì jáde nínú Apple Account. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa wá nu ún mọ́. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ ra "UK used", kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á rìsẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lójú yín, kẹ́ ẹ dúró títí fóònù á fi tàn padà. Tí fóònù bá ní kẹ́ ẹ tẹ ímeèlì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó ń tà á wá ń sọ pé "kò sí wàhálà, bọ̀bọ́ mi kan máa ṣí i fún yín lọ́la", ẹ dá fóònù padà fún un, ẹ máa lọ.