Bẹ́ ẹ ṣe lè fi pẹ́ńsù ya ilẹ̀ Mòrókò bíi ti Delacroix

Ọdún 1832 ni Eugène Delacroix, ayàwòrán ará Faransé, bá ikọ̀ tí ọba wọn rán dé Mòrókò. Láti Tangier ni wọ́n ti gun ẹṣin lọ bá Sultan, ọba Mòrókò, ní ìlú Meknès, ó gbà wọ́n tó ọjọ́ mẹ́wàá, ta ló máa ráyè jókòó ya nǹkan fínnífínní níbẹ̀? Jọ́tà kékeré ló ń lò, á yà á wàrà, wọ́n á tún máa lọ. Bá a ṣe fẹ́ yà á náà nìyẹn.

Ẹ wá fọ́tò ìgbèríko Meknès lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí oòrùn ti mú ganan, tí ilé ológiri funfun sì wà níbẹ̀. Pẹ́ńsù HB kan (èyí tó le díẹ̀), 4B kan (èyí tó rọ̀ tó sì dúdú), ó ti tó.

Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ síbi tí ilẹ̀ ti pàdé ojú ọ̀run, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí ilẹ̀ lè ráyè tẹ́. Òkè ló kàn, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má gbọ́wọ́ sókè: èyí tó jìnnà, ẹ di ìdí pẹ́ńsù mú kó lè hàn fírí, èyí tó sún mọ́ wa, ẹ fi 4B tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ògiri funfun yẹn wá ni wàhálà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fa ìlà yí ilé ká, ló bá dà bíi páálí Indomie. Ẹ má fọwọ́ kan ògiri rárá jàre, bébà yẹn fúnra ẹ̀ ni funfun ẹ̀, òjìji abẹ́ òrùlé pẹrẹsẹ àti dúdú ẹnu ọ̀nà nìkan ni kẹ́ ẹ yà, apá kan náà ni kí gbogbo òjìji sì kọjú sí, tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ilé máa yọ fúnra ẹ̀. Orọ́ ẹlẹ́gùn-ún díẹ̀ níwájú, ẹlẹ́ṣin bíńtín kan lọ́ọ̀ọ́kán ká lè mọ bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ó parí.

Ẹ wá kọ orúkọ àwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, "òkè: aró", "ilẹ̀: pupa rúsúrúsú". Èmi ò lè fo ibí yìí láéláé, torí Delacroix náà ń kọ ọ́, inú àwọn jọ́tà yẹn ló sì ti ń mú nǹkan jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán ńlá tó ya Sultan lẹ́nu odi Meknès, 1845 ló tó yọjú.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ tẹ́ bébà míì lé e lórí kẹ́ ẹ tó pa jọ́tà dé, 4B máa ń yí gan-an.