Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ eré ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn 40 ọdún

Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré ọ̀nà jíjìn, èémí kọ́ ló sábà máa ń dá a dúró. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró á ti mọ iṣẹ́ náà. Iṣan líle tó so ẹran mọ́ egungun, pàápàá èyí tó wà lókè gìgísẹ̀, ni kì í yára. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń le sí i. Nígbà tí mímí bá ti wá rọrùn, tí ara ń yá gágá, ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ ń fi kún eré, ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń ṣèṣe.

Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí bí àyà bá máa ń dùn yín tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi sáré ni kí ẹ fi dán an wò. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èékánná á dúdú, á sì ṣí. Tó bá ti sá 500 sí 800 kìlómítà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ ṣì dára lójú.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọjọ́ ìsinmi máa wà láàárín wọn. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5, ẹ rọra sáré fún ìṣẹ́jú 1, ẹ rìn fún 2. Ẹ ṣe sísá àti rírìn yẹn nígbà 8, kí ẹ tún wá rìn fún 5. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fi díẹ̀ kún sísá, títí ẹ ó fi lè sá 30 ìṣẹ́jú láìdúró. Ó lè tó oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ tó bá le, ẹ tún un ṣe.

Ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sáré. Bí ẹ ò bá lè parí gbólóhùn kan kí ẹ tó mí, ẹ ti ń sá a jù. Ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ lè fẹ́ kọjá yín. Ẹ jẹ́ kó kọjá.

Lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú yẹn, ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa fà gùn: kìlómítà 5, 6, 7, kí ẹ padà sí 5 ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kó tó kan 8. Kìlómítà 42.195 ti máráthọ́nì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún àkọ́kọ́.

Eré ìdárayá kan wà táwọn èèyàn kì í sábà ṣe, òun ló sì ń dáàbò bo gìgísẹ̀. Ẹ fi iwájú ẹsẹ̀ dúró létí àtẹ̀gùn, kí gìgísẹ̀ wà lófuurufú, kí ẹ di ògiri mú. Ẹ gbéra sókè, kí ẹ wá rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ ṣe ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí gìgísẹ̀ á fi lọ sísàlẹ̀ ju àtẹ̀gùn náà lọ. Ẹ ṣe é nígbà 15, kí ẹ ṣe ìgbà 15 yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Tó bá ti rọrùn, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan ṣe é.

Gìgísẹ̀ tó le gbagidi láàárọ̀ tó sì ń dẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn: ẹ dín eré kù sí ìdajì. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín lẹ́nu eré, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Bó bá sì jẹ́ ojúgun ni, tí ẹ lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka ibi tó ń dùn lórí egungun, ẹ má sáré mọ́ rárá: egungun ti lè sán. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀, torí fọ́tò x-ray kì í sábà rí irú ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.