Kóòṣì Tuntun fún Ẹgbẹ́ Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀: Àwọn Àṣìṣe Tó Yẹ Kí Ẹ Sá Fún

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú Iléṣà bá ti pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin léra wọn, ẹ ó máa gbọ́ ọ ní Ẹrẹ́jà, ní Ìsọ̀kùn, ní gbogbo ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń jókòó sí: "Ẹ lé kóòṣì yẹn dànù!" Wọn kì í sì í pẹ́ lé e. Wíwá ẹlòmíràn ni kò sẹ́ni tó ń fara balẹ̀ ṣe. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ fún alága lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n á gbà. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, wọ́n á tún máa wá ẹlòmíràn, gbèsè á sì ti wà lọ́rùn.

Ẹgbẹ́ tó lówó lè ṣe irú àṣìṣe yìí kó sì tún dìde. Tiwa kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, torí owó tí a ó fi san gbèsè kóòṣì tí a lé, owó bọ́ọ̀sì àti bàtà àwọn ọmọ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sí ẹ̀yin alága, ẹ̀yin akọ̀wé, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń fi owó ara yín gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ àdúgbò.

Ẹ má ṣèlérí owó tí kò tíì tẹ̀ yín lọ́wọ́

Èyí ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ jù lọ. Alága á pe kóòṣì jókòó, á ní ₦300,000 lóun á máa san lóṣù. Níbo ni owó náà wà? Olóṣèlú kan ti ṣèlérí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun á fi nǹkan ránṣẹ́. Wọ́n á tún ka owó ẹnu géètì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo bọ́ọ̀lù wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦6,000,000 ló wà ní báńkì fún sáà kan, owó tí ẹ ti rí, tí kì í ṣe ti ìlérí. Ẹ yọ owó ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àti ti àwọn ọmọ. Ẹ yọ owó ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, pẹ̀lú oúnjẹ, àti ibi tí wọ́n á sùn bí ọ̀nà bá jìn. Ẹ yọ owó bọ́ọ̀lù, jẹ́sì, oògùn, àti ìwọ̀nba tí ẹ ń fún àwọn ọmọ. Bó bá jẹ́ ₦1,500,000 ló kù, tí sáà sì gba oṣù mẹ́wàá, ₦150,000 lóṣù ni agbára yín ká, kóòṣì àti igbákejì rẹ̀ ló sì máa pín in. Iye yẹn ni kí ẹ sọ fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ pàdé. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn á dágbére fún yín láìsí ìjà. Ẹni tó bá sì gbà á mọ ohun tí òun gbà.

Ìlú òṣómàáló ni ìlú wa. Àwọn baba wa tó ń kiri aṣọ tà láwìn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ wọ́n lówó. Ó yẹ kí ọmọ irú wọn mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí a jẹ ní owó oṣù mẹ́ta. Kóòṣì tí ẹ jẹ lówó kò ní lè bá ọmọ tó pẹ́ dé wí, torí òun náà kò rówó ọkọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ mìíràn ní kọ̀rọ̀. Bó bá yá, á máa gbowó lọ́wọ́ òbí kó tó fi ọmọ wọn sínú ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹ bá máa gbọ́, àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ṣùgbọ́n tí òbí wọn kò lówó á ti lọ.

Orúkọ ńlá kì í ṣe ẹ̀rí iṣẹ́

"Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles rí." Gbólóhùn yìí ti kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sí gbèsè. Mi ò sọ pé ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò lè di kóòṣì gidi. Stephen Keshi ni balógun ẹgbẹ́ nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1994, òun náà sì ni kóòṣì nígbà tí a tún gbà á ní 2013. Ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Tógò, níbi tó ti mú wọn yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Málì pẹ̀lú. Iṣẹ́ tó ṣe láàárín yẹn ni kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fi orúkọ ńlá wá bá yín.

Ẹ wo ìtòsí wa níbí. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe kí gbogbo Nàìjíríà tó mọ̀ ọ́n. Òun ni kóòṣì nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ṣe ipò kejì nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire ní 1984, òun náà ló sì kó wọn lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002. Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá kọ̀wé sí ẹgbẹ́ yín lónìí, ṣé ẹ ó pè é wá, àbí ẹ ó kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí?

Irú wọn ṣì wà láàárín wa. Olùkọ́ eré ìdárayá tí ilé ìwé rẹ̀ kì í kùnà láti dé àṣekágbá ìdíje. Igbákejì kóòṣì kan ní Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́ tí kò tíì rí àyè di ọ̀gá. Ọmọ tó kàwé eré ìdárayá jáde ní Ifẹ̀, tó sì ń wá ẹgbẹ́ tí yóò gbà á. Àwọn wọ̀nyí lè gba owó tí ẹ ní, kí wọ́n sì fi gbogbo ara ṣiṣẹ́, torí ẹgbẹ́ yín ni wọ́n á fi ṣe orúkọ.

Ẹ wo ìwé ẹ̀rí kóòṣì tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, fún wọn, D, C, B tàbí A. Ẹ bi àwọn alákòóso líìgì yín léèrè èyí tí wọ́n ń béèrè fún kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí ẹ má baà gba ẹni tí wọn kò ní jẹ́ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ má gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ láì wo ọwọ́ rẹ̀

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tó bá ti wo Premier League dáadáa lè jókòó síwájú yín kó máa ka 4-3-3 àti 4-2-3-1, bí wọ́n ṣe ń to agbábọ́ọ̀lù sórí pápá, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ fún un ní ìrọ̀lẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ: ọmọ méjìlélógún, bọ́ọ̀lù márùn-ún, ìdajì pápá ilé ìwé, nítorí bí yóò ṣe máa bá nǹkan lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ẹ jókòó sábẹ́ igi, kí ẹ máa wò ó.

Bó bá to gbogbo wọn sórí ìlà kan ṣoṣo, tí ẹnì kan ń gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé tí àwọn ogún yòókù sì káwọ́ gbera, ẹ fura. Ẹni tó mọṣẹ́ á pín wọn sí márùn-ún márùn-ún, á fi bàtà tàbí òkúta sàmì sílẹ̀ bí kò bá sí kóònù, kò sì ní sí ọmọ tí kò ní làágùn. Ẹ tẹ́tí sí ohun tó ń sọ nígbà tí ọmọ kan bá ṣàṣìṣe. "Orí ẹ ò pé ni?" yàtọ̀ sí "Dúró. Wo ẹ̀yìn kó o tó gba bọ́ọ̀lù. Ó yá, tún un ṣe." Ẹ wo aṣọ́lé náà: ṣé ó ríṣẹ́ fún un, àbí ó kàn pa á tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó? Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ ní kó dárúkọ àwọn ọmọ tó ti mọ̀, kó sọ ẹni tó wù ú jù nínú wọn, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Bó bá sọ pé ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a yẹn máa ń wò kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kóòṣì ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Bó bá sọ pé gbogbo wọn ló dáa, kò wò wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ẹ má bá alága wọn nìkan sọ̀rọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń fọ jẹ́sì, àti ọmọ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ló mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Kóòṣì tó fẹ́ kó ọmọ mẹ́jọ wá

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn létí: "Mo ní àwọn ọmọ tèmi tó ṣe tán." Ta ló máa bọ́ wọn? Níbo ni wọ́n á máa sùn? Bí kóòṣì bá sì lọ, wọ́n á tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ Iléṣà tí wọ́n yẹ̀ sẹ́yìn nítorí wọn á sì ti wá ibòmíràn lọ. Ẹ gbà fún ẹyọ kan tàbí méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó wà nínú títọ́ ọmọ ìlú yín dàgbà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kékeré kò kà á sí. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ tó forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ bó ṣe tọ́, tó sì lè fi ìwé hàn, ló máa rí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi kóòṣì léèrè: ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún mélòó lo ti gbà láyè láti gbá bọ́ọ̀lù líìgì? Kí orúkọ tẹ̀ lé ìdáhùn rẹ̀.

Ta ló máa yan àwọn mọ́kànlá?

Bó bá jẹ́ pé alága ló máa fi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí iwájú, kí alága kúkú gba iṣẹ́ kóòṣì. Mi ò fi èyí ṣeré. Ọ̀pọ̀ ìjà tí a rí láàárín kóòṣì àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́, ibí yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta dájọ́

Clemens Westerhof dé láti wá ṣe kóòṣì Nàìjíríà ní 1989. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà 1990, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ni Àlùjíríà ti nà wá ní 5–1. Ká ní wọ́n lé e lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni! Ipò kejì ni Nàìjíríà padà ṣe ní ọdún náà, ipò kẹta ní 1992. Ní 1994 a gba ife náà, a sì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ náà ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà ní 2023, wọ́n tún ṣe kejì ní 2024, síbẹ̀ wọ́n fi kóòṣì wọn, Daniel Ogunmodede, sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gba líìgì náà ní 2025. Owó wọn ju tiwa lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ra sùúrù.

Ohun tó ń mú sùúrù ṣeé ṣe ni ìwé àdéhùn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba kóòṣì, ì báà jẹ́ àbúrò yín. Ẹ kọ owó oṣù síbẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò máa bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ ń retí: ṣé kí ẹgbẹ́ gòkè ni, àbí kó má já wálẹ̀, àbí kí ọmọ mẹ́ta láti ìlú yìí di ọ̀jáfáfá? Ẹ kọ ẹni tó ń yan ẹgbẹ́. Ẹ kọ iye tí ẹ ó san bí ẹ bá dá a dúró kí àdéhùn tó parí, bó bá jẹ́ owó oṣù kan ni, kí ó wà lákọsílẹ̀, kí ẹ sì yọ owó náà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ mú ọjọ́ tí ẹ ó jọ jókòó yẹ iṣẹ́ wò, lẹ́yìn ìdajì sáà, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ lílé kóòṣì ṣáájú ọjọ́ náà. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú akọ̀wé, kí kóòṣì sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé.