Bí a ṣe ń ṣètò Mísà ìrántí fún àwọn olóògbé ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà wa

Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ṣètò Mísà oṣù kọkànlá rí á mọ̀ pé wàhálà rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ fadá, kò sì sí lọ́wọ́ akọrin. Orúkọ ni wàhálà ibẹ̀. Ta ló kú? Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an? Ta ló sọ fún yín pé ó ti kú? Tí orúkọ bá ti pé, tó sì tọ́, ìyókù ò le.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ni Ìjọ Àgùdà fi ń rántí gbogbo òkú, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ sí gbogbo wa lọ́kàn. Ẹ fi í sílẹ̀. Láti 1915 ni Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún ti gba fadá kọ̀ọ̀kan láyè láti ṣe Mísà mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo olóògbé, ọ̀kan jẹ́ ti ohun tí Póòpù ń bẹ Ọlọ́run fún, ẹyọ kan péré ló kù fún ẹni tó bá wá bẹ fadá. Àwọn ọmọ ìjọ á ti gba ìyẹn kẹ́ ẹ tó dé. Gbogbo oṣù náà ló kúkú jẹ́ oṣù àwọn òkú. Ẹ mú Sátidé kan nínú rẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀. Sátidé Èkó, òwàńbẹ̀ ló ni ín. Tó bá fi di aago mọ́kànlá, àwọn tí ẹ ń retí ti wé gèlè, wọ́n ti wà lọ́nà Ìkẹjà.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní ọjọ́ ìbànújẹ́ tirẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kó lò. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá 2005 ni ọmọ 60 láti Loyola Jesuit College ní Àbújá kú nínú bàálù Sosoliso tó já. Irú wọn kò nílò kálẹ́ńdà ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọ, ẹ san owó Mísà. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Òfin Ìjọ (kánóònù 948) ní ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá fi owó Mísà sílẹ̀ fún òkú tirẹ̀, Mísà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹbí 30 kẹ́ ẹ wá kó o fún fadá fún Mísà kan. Ẹgbẹ́ ni kó san owó kan, fún ohun kan: gbogbo olóògbé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹbí tó bá fẹ́ ti ara rẹ̀, kó lọ bá akọ̀wé ìjọ.

Ó wá kan orúkọ. Oṣù kẹjọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá wà lára àwọn tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ìjọ láwọn ọdún 1970, tí Ìpínlẹ̀ Èkó wá dá padà ní 2001, ẹ má gbójú lé ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ jù. Kẹ́ ẹ tó rí i, eku lè ti rí i. Ẹnu ènìyàn ni kẹ́ ẹ gbójú lé. Ẹ yan ẹnìkan nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fún un ní ìwé tí ẹ là sí ọ̀nà mẹ́rin: orúkọ tó ń jẹ́ nílé-ẹ̀kọ́, orúkọ tó ń jẹ́ nílé, ọdún tó jáde, ẹni tó jẹ́rìí pé ó ti kú.

Ọ̀nà kejì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Mo rántí ìyá àgbà kan tó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ Mísà dé òpin, tó wá dì mí lápá mú lẹ́nu ọ̀nà: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò pe tèmi.” A ti pè é. Festus la pè. Àkànní ni òun ń retí.

Ọ̀nà kẹrin, ẹ má jẹ́ kó ṣófo láé. Lọ́dún kan, ẹnìkan ju “RIP” sórí WhatsApp sẹ́ẹ̀tì wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, “RIP” ti tò bí èèrà, tèmi wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ orúkọ náà sínú ìwé. Àṣé àwọn méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn ní sẹ́ẹ̀tì wa, èyí tí a kà pẹ̀lú ọdún rẹ̀ sì wà ní Houston, ó ń wo Mísà lórí fóònù. Ohùn tó fi ránṣẹ́ kò ju gbólóhùn méjì lọ: “Ẹ ṣeun o. Ìrẹsì òkú mi ńkọ́?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, a kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ àyàfi tí ará ilé olóògbé bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan pé: ta ló bá yín bẹ̀rẹ̀ tí kò bá yín parí? Ọmọ tó kú ní kíláàsì kejì kò ní sẹ́ẹ̀tì, kò sì sí nínú fọ́tò àṣejáde. Ẹni tó bá a pín bẹ́ǹṣì nìkan ló rántí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mẹgádì, alásè, ẹni tó ń lu agogo. Orúkọ tí a fi ń pè wọ́n, “Bàbá Agogo”, “Ìyá Ẹlẹ́wà”, kì í ṣe orúkọ wọn. Ẹ wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn. Ẹ má gbàgbé àwọn fadá àti sístà tó padà sílùú wọn lọ kú. Fadá Denis Slattery tó dá ilé-ẹ̀kọ́ St. Finbarr's sílẹ̀ ní 1956, Ireland ló kú sí.

Èkó nìyí, ọmọ Mùsùlùmí kì í wọ́n nílé-ẹ̀kọ́ Àgùdà. Kánóònù 901 gba fadá láyè láti ṣe Mísà fún ẹnikẹ́ni, àti alààyè àti òkú, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹbí kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ pè é. Àwọn kan á ní fìdáù tí àwọn ṣe ti tó, ẹ gbà fún wọn.

Ẹ fi àmì ohùn sórí gbogbo orúkọ kẹ́ ẹ tó fún ẹni tó máa kà á. “Oke” lè jẹ́ Òkè, ó lè jẹ́ Ọ̀kẹ́. Orúkọ bíi Pereira àti da Silva, ẹ bi ẹbí bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì máa gbà á kà fún ara wọn, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. 120 orúkọ, ìṣẹ́jú mẹ́jọ nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ bíi St. Gregory's ní Ọbaléńdé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, kò lè ka tirẹ̀ tán bẹ́ẹ̀. Ẹ ka àwọn tó kú lẹ́yìn Mísà èṣí, kẹ́ ẹ kọ ìyókù sínú ìwé kan tí ẹ máa gbé sẹ́bàá pẹpẹ jálẹ̀ oṣù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tan abẹ́là, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú pẹpẹ bóyá wọ́n lè pa fáànù.

Ìtàn àti ẹ̀rín, ẹ fi wọ́n sídìí oúnjẹ lẹ́yìn Mísà. Ìlànà Ìjọ kò gba yíyin òkú dípò ìwàásù nínú Mísà ìsìnkú, ọ̀pọ̀ fadá kò sì ní gbà á níbi ìrántí náà.

Ẹ tẹ àwòkọ ìwé orúkọ náà mẹ́ta, kí wọ́n má wà níbì kan náà. Ilẹ̀ ìsìnkú Ajẹ́lẹ̀ ní Èkó, níbi tí wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther sí lẹ́yìn tó kú ní 1891, ìjọba ológun ló tú u ká, wọ́n sì kọ́ ilé sórí rẹ̀. Òkúta pàápàá ò dúró.

Lọ́jọ́ Mísà, ẹ fi àwòkọ kan sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ fi ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ láìkọ nǹkan kan, kẹ́ ẹ sì gbé bírò tó ń kọ tì í. Ẹnìkan á dé tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó máa fi ìka tọ orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó máa wá mú bírò.